Bí Mo Ṣe Yan Gígùn Ọ̀pá Ìbọn Tí Mo Fi Ń Ta Coyote Láti Òkèèrè

Ilẹ̀ tí mo ti ń ṣọdẹ ní ẹ̀bá Amarillo, ní ìpínlẹ̀ Texas, tẹ́jú lọ súà. Igi kò pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn kì í sinmi, coyote, ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá tó máa ń pa ọmọ màlúù, kì í sì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òun. Ìbọn rìfù tó ń yin .22-250, oríṣi ọta kékeré kan tó ń sáré gan-an, ni mo fẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó kù ni bí ọ̀pá rẹ̀ yóò ṣe gùn tó: ínǹṣì 22, 24 tàbí 26.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà láàárín àwọn ọdẹ oníṣakabùlà la gbà pé ìbọn tó bá gùn ló ń ta tààrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré ni gígùn ń fi kún ọta. Bí ẹ̀tù bá ti gbiná, èéfín gbígbóná rẹ̀ ló ń ti ọta lọ sí ẹnu ìbọn. Bí ọ̀pá bá gùn, á rí àyè tì í pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìkarahun .22-250, ìyẹn ibi tí ẹ̀tù wà lẹ́yìn ọta, gba ẹ̀tù ju ti oríṣi ọta míì tó ń jẹ́ .223 lọ dáadáa, ìdí nìyí tí ọ̀pá kúkúrú fi máa ń ṣàkóbá fún un jù.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ọta oníwọ̀n 55 gíréènì (bíi gíráàmù mẹ́ta àtààbọ̀) pé ó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 3,680 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pá ínǹṣì 24 ni wọ́n fi wọn ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oní 26, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní oní 22. A gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta kalẹ̀, a fi ọta inú páálí kan náà yin méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi 30 lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan.

Mo wá jókòó ṣírò. Ní 300 yáàdì, ohun tí ínǹṣì méjì tó wà láàárín 24 àti 26 máa yí padà nínú bí ọta ṣe ń wálẹ̀ kò tó ínǹṣì kan. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan á sì ti ọta yẹn kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bíi ínǹṣì 10!

Nítorí náà, sísanra ni mo náwó lé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń yìnbọn fún prairie dog, ẹranko kékeré bí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé inú ihò, léraléra. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ á tètè gbóná, ibi tí ọta ń bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lójú kan. Èyí tó sanra kì í tètè gbóná, kì í sì í gbọ̀n púpọ̀. Mo sì tún fẹ́ de ohun tó ń pa ariwo ìbọn rẹlẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, èyí tó gùn tó ínǹṣì 7. Tí mo bá fi ìyẹn kún 26, kò ní í ṣeé yí nínú ọkọ̀. Bí mo ṣe mú 24 nìyẹn.

Kí n tó sanwó, mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. Mo kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo ti ìdè rẹ̀ pa, ìyẹn irin tó ń dí ẹ̀yìn ọ̀pá, mo ki igi tín-ínrín kan bọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi kan ìdè náà. Mo fi bírò sàmì sára igi níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba, mo fà á yọ, mo tẹ́ ẹ sórí téèpù: 24 géérégé. Bí òfin Amẹ́ríkà ṣe ń wọn ọ̀pá nìyẹn. Ìbọn rìfù tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá tó ínǹṣì 16 ti bọ́ sábẹ́ òfin ọdún 1934 tó ní kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ká ní inú igbó dídí ìlà-oòrùn Texas ni mo ti ń ṣọdẹ ni, 22 ni ǹ bá mú. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yẹn ń gbé tiẹ̀ lọ, torí kò sí ibi téèyàn ti lè rí ohun tó wà ní 150 yáàdì níbẹ̀.