Bí a ṣe ń fi Matplotlib ti Python ya gráàfù láti inú Julia

Ẹni tó bá fi Julia, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bíi Python, ṣe ìṣirò iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, ì báà jẹ́ ní Adó-Èkìtì tàbí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, yóò dé ibi tí yóò ti nílò gráàfù. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kó èsì sínú fáìlì CSV (tábìlì tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán), wọ́n á tún wá ṣí Python kí wọ́n tó lè yà á. Iṣẹ́ méjì lórí owó ọ̀yà kan nìyẹn. Julia lè pe Python wọlé, kí ó sì máa lo Matplotlib, àkójọ irinṣẹ́ tí Python fi ń ya gráàfù, níbi tó wà.

Matplotlib ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2003. 2012 ni Julia tó jáde sí gbangba. Àgbà yẹn ló mú mi yàn án: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú gráàfù tí ẹ lè fẹ́ tí ẹnìkan kò tíì yà rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lẹ fẹ́ wò kíá, Plots.jl tó jẹ́ ti Julia fúnra rẹ̀ ti tó.

Ẹ ṣí Julia, kí ẹ tẹ èyí:

```
using Pkg
Pkg.add(["PythonCall", "CondaPkg"])
using CondaPkg
CondaPkg.add("matplotlib")
```

PythonCall ló ń so èdè méjèèjì pọ̀. CondaPkg ló ń bá a wá Python àti Matplotlib, ó sì ń kó wọn sí ààyè ọ̀tọ̀, kò ní fọwọ́ kan Python tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ohun tó ń gbà sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kékeré o. Ẹ má fi data tó ṣẹ́kù tíntín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé bátìrì kún, torí iná lè lọ nígbàkigbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yà á. Iye isu yìí, àpẹẹrẹ lásán ni; ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀:

```
using PythonCall
plt = pyimport("matplotlib.pyplot")

ìlú = ["Adó", "Ìkẹ́rẹ́", "Ìkọ̀lé"]
iye = [2500, 2200, 1900]

fig, ax = plt.subplots()
ax.bar(pylist(ìlú), iye)
ax.set_ylabel("Náírà")
ax.set_title("Iye isu kan")
fig.savefig("isu.png", dpi=200)
```

`pylist` ló ń sọ àkójọ orúkọ di list tí Python mọ̀. Nọ́ńbà kì í sábà nílò rẹ̀.

Ibi tó ti ń lọ́jú pọ̀ ni kí èèyàn máa da àpẹẹrẹ Python kọ bó ṣe rí. Nínú Python, `'red'` dára. Ní Julia, àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan wà fún lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí náà `"red"` lẹ máa kọ. `True` di `true`, `None` di `nothing`. Dict Julia (àkójọ tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀), ẹ fi `pydict` gbé e kọjá sí Python.

Bí a ṣe ń ka ipò nǹkan nínú àkójọ ló máa ń tàn ènìyàn jù. Julia ń bẹ̀rẹ̀ láti 1, Python láti 0, PythonCall ò sì bá yín yí i padà. Bí ẹ bá kọ `fig, axs = plt.subplots(1, 2)`, `axs[0]` ni àwòrán àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ `iye[1]` ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, nínú fáìlì kan náà! Àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi PyPlot.jl, ọ̀nà àtijọ́ láti lo Matplotlib nínú Julia, kọ máa ń lo `axs[1]`, torí PyCall tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sọ àkójọ náà di ti Julia. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dà á kọ. Bí àṣìṣe bá yọ, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bó bá ní `Python:`, ọ̀dọ̀ Matplotlib ni ẹ ti máa wá ìdí, bí kò bá ní in, kódù Julia yín ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Fọ́ńtì tí Matplotlib ń lò látilẹ̀ mọ ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n àmì orí ẹ́ nínú Ìkẹ́rẹ́ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ lórí PNG. SVG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, lè yanjú rẹ̀. Ẹ tẹ ìlà yìí kí ẹ tó fi àwòrán pamọ́:

```
plt.rcParams["svg.fonttype"] = "none"
fig.savefig("isu.svg")
```

Ọ̀rọ̀ á dúró bí ọ̀rọ̀ nínú SVG náà, bíráwúsà tàbí Inkscape (ètò tí a fi ń tún SVG ṣe) tó bá ṣí i ni yóò to àmì ohùn sí ipò rẹ̀.