Bẹ́ ẹ ṣe lè fi eré jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti dókítà mọ ohun tójú aláìsàn ń rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Kétu níbí, nílẹ̀ Benin, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ́ eré ládùúgbò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. A máa ń sọ pé ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, òótọ́ ni, àmọ́ nínú eré tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wíwò ò tó rárá, ẹni tó wá wòran gan-an la máa fà dìde kó wá ṣe é. Torí tí nọ́ọ̀sì bá kàn jókòó, tó rẹ́rìn-ín, tó pàtẹ́wọ́, lọ́la á tún máa jágbe mọ́ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n tóun fúnra ẹ̀ bá ti dúró bí aláìsàn níwájú tábìlì nọ́ọ̀sì inú eré, tẹ́nì kan ń jágbe mọ́ òun náà níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, háà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Augusto Boal, onítíátà ará Brazil tó kú ní 2009, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, théâtre-forum ni wọ́n ń pè é, àwọn aládùúgbò wa ní Burkina Faso náà ti ń gbé e káàkiri abúlé tipẹ́.

Ìtàn lẹ máa kọ́kọ́ wá, ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa hun ún lórí. Ẹ lọ bá àwọn tó ti ṣàìsàn rí, àti àwọn tó gbé wọn lọ. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n tọ́jú yín dáadáa, gbogbo wọn ló máa ní "a dúpẹ́ o", ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì láìdáa nígbà tó mọ̀ pé òun ṣì ń padà bọ̀ wá gbabẹ́rẹ́? Ẹ bi wọ́n pé: aago mélòó lẹ jáde nílé lọ́jọ́ yẹn? Zẹ́mìjàn (ọ̀kadà) lẹ gùn àbí ẹsẹ̀ lẹ fi rìn? Ta lẹ fi àwọn ọmọ yòókù tì? Nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa sọ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ táwọn ti ta àgbàdo láti fi sanwó zẹ́mìjàn, táwọn wá dé, tọ́mọ ń gbóná lẹ́yìn, "kí ló dé tẹ́ ò tètè wá?" ni wọ́n fi kí àwọn káàbọ̀. Nọ́ọ̀sì ò rí àgbàdo yẹn. Eré yín ló máa fi hàn án.

Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀tàn fún yín, kẹ́ ẹ wá da ìtàn ẹni mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ di tẹnì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ yí abúlé àti àìsàn padà. Ibí yìí la ti yàtọ̀ sí Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn orin àti àwàdà òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ o, torí kó tó di pé UNESCO ń ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àjogúnbá ayé ní 2001 ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń tú àṣírí ẹni tó ṣe ohun tí ò dáa láàrin ọjà lóru, kò sì sẹ́ni tó lè mú un. Tiwa ò gbọdọ̀ tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ aláìsàn, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Eré náà ò ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ. Ẹni mẹ́rin, tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, ó tó. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ èdè, torí ìyẹn ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa: nọ́ọ̀sì sọ Faransé gbọọrọ, ó ṣàlàyé oògùn, ó ka iye ọjọ́, ó kìlọ̀ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ, ẹni tó ń bá wọn túmọ̀ wá yíjú sí ìyá àgbà, "Ó ní kẹ́ ẹ máa lò ó." Ó parí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín gan-an, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á pa rọ́rọ́.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nọ́ọ̀sì inú eré di àjẹ́. Ẹ jẹ́ ká rí i pé kò sùn mọ́jú, pé ẹ̀rọ ìfúnpá ti bà jẹ́, pé èrò kún ìta. Tó bá ti burú jù, àwọn tó ń wò á ní "èmi ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀", ó tán, etí ti di.

Ẹ dá eré dúró síbi tó ti dun ni jù. Ẹni tó ń darí á béèrè pé ibo lọ̀rọ̀ ti wọ́? Kẹ́ ẹ wá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pariwo "dúró!" kó bọ́ síbẹ̀. Ipò aláìsàn ni kó gbà, bí Boal náà ṣe ṣe é nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń ni lára ni wọ́n ń gbapò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀sì ló máa sáré wá ṣe nọ́ọ̀sì dáadáa, "ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jókòó mà", àtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó ń sọ pé "ká ní èmi ni, màá sọ̀rọ̀!", ẹ ní kó máa bọ̀. Á rí i bí ẹnu ṣe ń wúwo. Tọ́kùnrin bá ní òun ò lè ṣe aboyún, ẹ rán an létí pé ọkùnrin ló ń so ọmú mọ́yà jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ọ̀gá ńkọ́? Tí dókítà àgbà bá jókòó síwájú, àwọn kékeré ò ní lanu, nítorí náà òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sórí bẹ́ǹṣì aláìsàn, tí ò bá gbà, kó jẹ́ pé ọjọ́ míì lẹ máa ṣe tiẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ẹ fi tó ìlàjì wákàtí sọ̀rọ̀. Ẹ má béèrè pé kí lẹ kọ́, wọ́n á dáhùn bí ọmọ iléèwé. Ẹ ní: nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn, báwo ló ṣe rí lára yín? Ẹkún lè bọ́ lójú ẹlòmíì, bóyá ìyá ẹ̀ ló rántí, kí ẹnì kan wà tó máa mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣe aláìsàn náà, kó bọ́ aṣọ eré, kó pe orúkọ ara ẹ̀, kó mumi.

Kí wọ́n wá mú nǹkan kan, ẹyọ kan péré, tí wọ́n máa yí padà láti ọ̀la, ó lè jẹ́ pé kí wọ́n béèrè "ibo lẹ ti ń bọ̀?" kí wọ́n tó béèrè ìdí tí aláìsàn fi pẹ́. Ẹ má sì fi eré yìí sọ́jọ́ ọjà o, èrò á pọ̀ nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kankan ò ní ráyè wá.