Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń To Ìwé Ìtàn Àròsọ Sáyẹ́ǹsì Tí Ó Dára Jù Lọ

Bí ènìyàn márùn-ún bá jókòó láti to ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì mẹ́wàá tí ó dára jù lọ, àkójọ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò gbé jáde, kò sì ní sí òpùrọ́ láàárín wọn. Àṣìṣe wọn kò ju pé wọ́n kọ “èyí tí ó dára jù lọ” sí òkè ìwé, nígbà tí ohun tí ó wà lọ́kàn wọn jẹ́ “èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwọ̀nba tí mo ti kà”.

Ẹ má ṣe fi àmì-ẹ̀yẹ ṣe òṣùwọ̀n láì béèrè ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Worldcon, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òǹkàwé lásán, ni wọ́n ń dìbò fún àmì-ẹ̀yẹ Hugo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1953. Àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n ń dìbò fún Nebula. Ìgbìmọ̀ adájọ́ tí kò pọ̀ ni ó sì ń fún ènìyàn ní àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1966, ìbò Hugo dọ́gba láàárín ìwé Dune ti Frank Herbert àti ìwé kan tí Roger Zelazny kọ, a sì fún àwọn méjèèjì. Lónìí, ẹni tí kò ka irú ìtàn yìí rí pàápàá ti gbọ́ orúkọ Dune. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ìwé kejì?

Èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni kí a máa ṣe bí ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí. Ẹ wo Rosewater, tí Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì dàgbà ní Nàìjíríà, kọ. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2016. Àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà fi àmì-ẹ̀yẹ Nommo dá a lọ́lá ní 2017. Lẹ́yìn tí ilé ìtẹ̀wé ńlá tún un tẹ̀ ni ó gba Arthur C. Clarke ní 2019. Ìtàn kan náà ni. Ọwọ́ tí ó gbé e kiri ni ó yí padà. Bákan náà ni ti ìwé The Three-Body Problem ti Liu Cixin, tí ó jáde ní Ṣáínà ní 2008, tí a tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, tí ó sì gba Hugo ní 2015.

Ẹ sì kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ kà sí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Octavia Butler, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ sọ pé ìwé òun, Kindred, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, síbẹ̀ inú àkójọ wọn ni a ti ń bá a.

Ní ìkẹyìn, ẹ má ṣe to ìwé tí ẹ kà ní ọ̀dọ́ láì tún un kà. Ọ̀kan wà tí ó ti wà ní ipò kejì lọ́dọ̀ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo tún ṣí i lọ́dún tó kọjá, obìnrin mẹ́ta péré ni mo rí nínú rẹ̀, méjì nínú wọn kò sì ṣe ju kí wọ́n gbé kọfí wá. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí ipò kẹsàn-án. Àbúrò mi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, fi í sí ipò kìíní, n kò sì bá a jiyàn.