Bí mo ṣe ra Vibe àlòkù ní Ìlọrin

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni jíìpù àtijọ́ wa ti di àwòmọ́jú. Epo tó ń mu kò ṣeé fẹnu sọ. A tà á. Ọkọ̀ kékeré tí kò jẹun púpọ̀ la wá ń wá, tí ọmọ mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn ẹ̀, tí ìyàwó mi á sì lè kó àpò ẹ̀lùbọ́ sí búùtù ẹ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju ₦3,500,000 lọ, mo sì ti yọ ₦400,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ẹ̀ fún àtúnṣe.

Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń dárúkọ Matrix. Ọkọ̀ tó dáa ni, àmọ́ orúkọ Toyota ti gbówó lé e. Mẹkáníìkì wa ní Gáà Àkànbí, Àáfà là ń pè é, ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá Vibe lọ." Ó mọ ohun tó ń sọ. Ọkọ̀ kan náà ni Pontiac Vibe àti Matrix ti ọdún 2003 sí 2008 nísàlẹ̀: abẹ́ Corolla ni wọ́n ti gbé àwọn méjèèjì jáde, ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kánádà ni wọ́n ti ń to Matrix, California ni wọ́n ti ń to Vibe, níléeṣẹ́ tí Toyota àti General Motors jọ ni. Ọdún 2010 ni General Motors pa orúkọ Pontiac rẹ́, ló bá di pé àwọn èèyàn ń yẹra fún un. Èmi kọ́, èmi tí mò ń wá ẹ̀dínwó.

Mi ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ rárá. Owó mi kò ká tòkunbọ̀ gidi, èyí tó sì ká, ọ̀dà tuntun ló ń bo àṣírí ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n ra ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílùú yìí lọ́wọ́ ẹni tí mo lè jókòó tì, kí n bi í léèrè. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló júwe màmá kan fún mi ní Tánkè, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó fẹ́ ta Vibe ọdún 2005.

Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣíná sí i kí a tó dé." Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ ká a mọ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná mọ̀ ọ́n fi nǹkan pamọ́.

Àárọ̀ kùtù la débẹ̀. Àáfà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láì tíì ṣíná, ó ní kí n máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná check engine gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn níbẹ̀, kó sì kú tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Tí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́. Tiwa tàn, ó sì kú. Ó tú ìdérí ọ́ìlì, ó fìka nu inú ẹ̀. Tó bá rí nǹkan funfun tó dà bí ògì níbẹ̀, omi ti ń wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ilé là bá padà sí. Dúdú lásán ló rí. Ẹ́ńjìnnì yìí máa ń mu ọ́ìlì tó bá ti gbó, nítorí náà èmi dúró nídìí sàlẹ́ńsà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni mò ń wá, kò jáde.

A ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, a yọ sípíà táyà. Kò sí ojú wẹ́dà kankan níbẹ̀, kò sì rùn bí ọkọ̀ tí omi ti gbé rí. Ìyàwó mi kò bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Gíláàsì ẹ̀yìn tó ń dá ṣí láì ṣí búùtù ló ń wò.

A wà á gba Gánmọ̀ lọ sí Amóyọ̀. Gíà wọlé wẹ́rẹ́, kò ta gbì. Ẹsẹ̀ òsì iwájú ló ń lu kọ̀ǹkọ̀ tó bá bọ́ sí kòtò, éèsì sì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Mo fi méjèèjì ná an dáadáa. ₦3,300,000 ni màmá kọ́kọ́ pè. Mo ní kí wọ́n já a wálẹ̀, a fà á títí, ó dúró sí ₦2,950,000.

Kí n tó sanwó, mo ka nọ́ńbà ṣásí. Mẹ́tàdínlógún ni àmì tó wà nínú ẹ̀, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 túmọ̀ sí 2005. Ti ara gíláàsì iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ti inú ìwé bára mu, orúkọ màmá ló sì wà lórí ìwé. Báńkì ni mo gbà san án, ọmọ wọn ọkùnrin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ yí orúkọ padà. Ìńṣọ́ránsì third party ti ọkọ̀ aládàáni ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023. Ẹni tó bá ní ₦5,000 lòun máa gbà lọ́wọ́ yín, ẹ sá fún un.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, púlọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì la kọ́kọ́ pààrọ̀. Éèsì ṣì ń dúró de owó. Ohun tó le jù ni iná iwájú ọ̀tún tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀: ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì Corolla wà káàkiri ìlú, àmọ́ ojú Vibe yàtọ̀ sí ti Matrix, iná Matrix kò sì wọ̀ ọ́. Àáfà ṣì ń bá mi wá a.