Bí a ṣe ń ṣe àtúnyẹ̀wò ìwé fún ìdánwò lítíréṣọ̀ aláfiwéra: Sophocles àti Ọlá Rótìmí lórí tábìlì kan náà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò lítíréṣọ̀ aláfiwéra ló máa ń ka ìwé kìíní tán, tí wọ́n á ka ìkejì tán, tí wọ́n á kọ àkékúrú ìtàn méjèèjì sínú ìwé àkọsílẹ̀, tí wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí wọ́n bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìtàn méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú "bákan náà" kan ṣoṣo láàárín wọn bí afárá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, máàkì tí mo sì gbà jọ ti ẹni tó ka ẹyọ ìwé kan. Ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn mi kò ju ìbéèrè kan lọ: kí ni ìyàtọ̀ yìí ṣe? Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀nà àtúnyẹ̀wò tí n ó là sílẹ̀ níbí dúró lé.

Àpẹẹrẹ tí n ó máa lò ni eré-oníṣe tí Sophocles kọ nípa Ọba Oedipus ní ìlú Athens ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, àti The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968, tí ó sì jáde ní ìwé lọ́dún 1971. Wọ́n jọra débi pé ó rọrùn láti ṣìnà sínú ìjọra náà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọba kan pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, ó fi ìyá rẹ̀ ṣe aya láìmọ̀, àrùn sì bẹ́ sílẹ̀ nílùú rẹ̀ títí àṣírí fi tú. Bí ẹ bá kọ èyí nìkan, ẹ ò tíì sọ ohun tí olùdánwò kò mọ̀. (Mo fi orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn Rótìmí sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí wọn, bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé rẹ̀.)

Kí ẹ tó tún ìwé kankan kà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìbátan tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà mìíràn, òǹkọ̀wé kejì ti ka ti àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ tún un sọ, gẹ́gẹ́ bí Rótìmí ti ṣe sí iṣẹ́ Sophocles. Nígbà mìíràn, inú kànga kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọnmi: Dúró Ládípọ̀ nínú Ọba Wàjà ti ọdún 1964 àti Wọlé Ṣóyínká nínú Death and the King's Horseman ti ọdún 1975 gbé eré wọn ka orí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà tó wáyé ní Ọ̀yọ́ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òyìnbó kò jẹ́ kí Olókùn-Ẹṣin bá Aláàfin tó wàjà lọ. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn iṣẹ́ tí a kò mọ̀ pé wọ́n pàdé rí, bí àlọ́ ìjàpá lọ́dọ̀ wa àti ìtàn Reynard, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ alárékérekè tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ Faransé láyé àtijọ́. Ìbéèrè tó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní ti àkọ́kọ́, ẹ ó wádìí ohun tí ẹni ìkejì yí padà. Ní ti ìkejì, ohun tí oníkálukú bù nínú kànga àti ohun tó fi sílẹ̀. Ní ti ìkẹta, ẹ kò ní sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lára ẹnìkan rárá, ohun tó mú kí àwùjọ méjì tó jìnnà síra fẹ́ràn irú ẹ̀dá kan náà ni ẹ ó wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka eré kọ̀ọ̀kan tán ní ìjókòó kan láìmú bírò dání. Ìgbà tí ẹ bá tún un kà ni ẹ ó tó fa ìlà sórí ojú ìwé kí ó pín sí òpó mẹ́rin: òpó kìíní fún oríkèé ìtàn, ìkejì fún Sophocles, ìkẹta fún Rótìmí, ìkẹrin fún ohun tí ìyàtọ̀ wọn ṣe. Oríkèé ni mo ń pe ibi tí ìtàn ti ń tẹ̀ sí apá kan, tí kò sì lè padà mọ́: bí wọ́n ṣe gbé ọmọ sọnù, bí ọmọ ṣe pa bàbá, bí àjèjì ṣe gorí ìtẹ́, ẹni tó tú àṣírí, bí ìyá ṣe kú, bí ọba ṣe kúrò nílùú. Mẹ́fà tàbí méje tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ogún sílẹ̀ ti padà sídìí àkékúrú ìtàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú oríkèé kejì, ibi tí ọmọ ti pa bàbá. Nínú eré Sophocles, ibi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé ni. Ìjà ẹni tí yóò yà fún ẹnìkejì lójú ọ̀nà ni, àgbàlagbà kan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, tí í ṣe bàbá rẹ̀, sì na Oedipus lórí. Nínú eré Rótìmí, oko ni, nítòsí Ẹdẹ. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni oko ni, ohun tó sì mú kí ara Odewale, ẹni tó dúró ní ipò Oedipus nínú eré náà, gbóná kọjá ààlà ni pé àgbàlagbà náà bú ẹ̀yà rẹ̀. Ọkọ́ ló fi pa á. Ẹni tó bá ń kánjú yóò kọ pé ibùdó ìtàn yàtọ̀, yóò sì kọjá. Òpó kẹrin kò ní jẹ́ kí ẹ kọjá bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnìkan, àgbákò sì lè bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n oko ní olóko. Nígbà tí Rótìmí gbé ìjà náà kúrò lójú ọ̀nà wá sínú oko, ó sọ ọ́ di ìjà ilẹ̀, irú èyí tí kò ṣàjèjì sí wa, ó sì wá da ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lé e bí epo tí a dà síná. Nínà ni wọ́n na Oedipus kí ó tó pànìyàn. Ní ti Odewale, ìran rẹ̀ ni wọ́n bú.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ oríta yóò ronú kan Èṣù lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Sophocles kò mọ Èṣù, ẹ má ṣe fi Èṣù ṣàlàyé oríta àwọn ará Gíríìkì. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúlò ni èyí: oríta wà nílẹ̀ fún Rótìmí pẹ̀lú gbogbo ìtumọ̀ tí àwa ti fún un, síbẹ̀ oko ló fi ṣe ojú ìjà náà. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ ju ohun tó mú lọ.

Ẹ wo oríkèé tó tẹ̀ lé e. Oedipus di ọba nítorí pé ó já àlọ́ àpamọ̀ tí Sphinx, ẹ̀dá abàmì tó ń yọ ìlú náà lẹ́nu, pa. Odewale di ọba nítorí pé ó kó àwọn ará Kutuje, ìlú inú eré náà, jọ láti ṣẹ́gun àwọn ará Ikolu, ọ̀tá wọn. Ọlọgbọ́n ni ti ìṣáájú, jagunjagun ni ti ìkẹyìn, àyípadà yìí sì ran gbogbo eré náà. Nínú ti Sophocles, ìmọ̀ àti àìmọ̀ ló ń bá ara wọn jà: aríran afọ́jú rí òtítọ́, ọba olójú méjì kò rí i. Rótìmí pa aríran afọ́jú náà mọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ojúbọ Ògún sórí ìtàgé, ibẹ̀ ni Odewale sì ti búra. Nígbà tí ẹ bá dé ìparí, ẹ ó rí i pé Jocasta, ìyá Oedipus, pokùnso, ìkọ́ aṣọ rẹ̀ ni Oedipus sì fi fọ́ ara rẹ̀ lójú, nígbà tí Ojuola, ìyá Odewale, fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ tí Odewale sì fi ọ̀bẹ kan náà yọ ojú ara rẹ̀. Ọkọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ níparí: irin ni méjèèjì, irin sì ní ẹni tó ni ín. Kò sí ìgbà tí ẹ ó rí okùn yìí bí ẹ bá ka àwọn ìwé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àhunpọ̀ ìtàn kò ní gba yín lákòókò púpọ̀. Sophocles bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àrùn ti ń jà, ìbéèrè àti ìdáhùn ló sì fi wú ohun àtijọ́ jáde, nítorí pé àwọn òǹwòran rẹ̀ ti mọ ìtàn náà láti ilé. Rótìmí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi asọ̀tàn àti ìṣe láìsọ̀rọ̀ fi ìbí ọmọ àti àsọtẹ́lẹ̀ hàn níbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n méjèèjì lòdì síra, ibì kan náà ni wọ́n sì dé: òǹwòran mọ ohun tí ọba kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àyànmọ́ le jù, òun sì ni ìbéèrè tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn jù. A máa ń sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Ṣùgbọ́n nídìí Ifá, ẹni tí ibi bá yọjú sí a máa gbọ́ ẹbọ tí yóò rú. Nínú eré Rótìmí, wọn kò fún ọmọ náà ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé e jù sínú igbó kí ó kú. Lójú tèmi, ibí yìí ni egungun Gíríìkì ti yọ lábẹ́ aṣọ Yorùbá, kò sì yẹ kí ẹ bá òǹkọ̀wé bò ó. Síbẹ̀, Odewale fúnra rẹ̀ sọ níparí pé kí wọ́n má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà, nítorí pé àìlera òun ni bí òun ṣe tètè ń bínú nítorí ẹ̀yà òun. Eré náà ń fà sí ọ̀nà méjì. Ẹ sọ pé ó ń fà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ìran tó gbè yín hàn. Ìdáhùn tó bá fi tipátipá mú un dọ́gba kò dára.

Ìgbà tí ẹ bá ti rí gbogbo èyí nínú ìwé ni ẹ ó tó mẹ́nu ba ìtàn ìlú. Ọdún 1968 bọ́ sí àárín ogun abẹ́lé tó jà ní Nàìjíríà láti 1967 sí 1970, Rótìmí sì ṣàlàyé pé kì í ṣe òrìṣà ni orúkọ ìwé náà ń bá wí, bí kò ṣe àwọn orílẹ̀-èdè alágbára. Bí ẹ bá fi èyí ṣáájú, yóò dà bí ẹni pé ìwé ìròyìn ni ẹ kà. Bí ó bá tẹ̀ lé oko Ẹdẹ àti èébú ẹ̀yà, yóò fìdí múlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ògbufọ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè Gíríìkì, ẹ má ṣe gbé àríyànjiyàn yín ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó lè jẹ́ ti atúmọ̀. Ìṣe, ètò ìran àti àwòrán inú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ dì mú. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọba Wàjà náà fún ẹni tó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìlù àti orin ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà níbẹ̀ ni irú èyí: ọmọ Olókùn-Ẹṣin wà ní Gold Coast (Ghana òde òní) nínú eré Ládípọ̀, ṣùgbọ́n nínú ti Ṣóyínká, Ìlú Ọba ló ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kí ni ìrìn-àjò tó gùn sí i yẹn ṣe sí ikú rẹ̀?

Nínú gbọ̀ngàn, ẹ má ṣe pín ìdáhùn sí ìdajì fún ìwé kìíní àti ìdajì fún ìkejì. Ẹ yan oríkèé mẹ́ta tó bá ìbéèrè mu, kí ìwé méjèèjì sì wà nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ ni: "Nígbà tí Rótìmí fi ogun Ikolu rọ́pò àlọ́ Sphinx, ó yí ohun tí ọba fi ń yangàn padà láti orí ọgbọ́n sí orí agbára." Ẹni tó kà á ti mọ ohun tó yàtọ̀ àti ohun tí ìyàtọ̀ náà ṣe kí ó tó dé ẹ̀rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ pa ìwé dé lálaalẹ́, kí ẹ mú oríkèé kan, kí ẹ sì kọ ìpínrọ̀ rẹ̀ láti orí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá ṣí ìwé padà láti wò ó bóyá òótọ́ ni ẹ kọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo kọ ọ́ pé Ojuola náà pokùnso.