Bí Ẹ́ńjìnnì Tri-ang Àtijọ́ Ṣe Lè Sáré Lórí Irin Peco Òde Òní

Ìbú irin kọ́ ni ìṣòro. Reluwé ìṣeré Tri-ang ti àwọn ọdún 1950 àti 1960 àti irin tí ilé iṣẹ́ Peco ń ṣe fún reluwé ìṣeré, 16.5 mm ni àárín irin méjèèjì. Wíìlì ni kẹ́ ẹ wò. Etí wíìlì àtijọ́ gùn, lórí Code 75 (irú irin Peco kan) tí gíga rẹ̀ kò tó 2 mm, á máa lu ike tó di irin mú. Code 100 ni kẹ́ ẹ rà, ó ga tó 2.54 mm.

Ẹ fi káálípà wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn wíìlì méjèèjì. Ìyànà òde òní (ibi tí irin ti pín sí méjì) ń fẹ́ nǹkan bíi 14.4 mm. Ti Tri-ang sábà máa ń dín sí i, ìyẹn ló ń mú kó gun irin ẹ̀ṣọ́ tó wà níbi ìyànà, kó sì ṣubú. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ wíìlì ni kẹ́ ẹ fi fà á síta, díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá fi púláyà já a gbà, ike àárín rẹ̀ á là. Wíìlì tó ń gbé rọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ kò gbọ́dọ̀ yí lórí ọ̀pá rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á gan.

Bí iná bá ń bríjì (ṣọ́ọ̀tù) níbi ìyànà, wíìlì tó fẹ̀ ló ń kan irin méjì tí kò yẹ kó kàn. Ẹ kun ọ̀dà éékánná sí ẹnu irin méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nu ibi tí kábọ́ọ̀nù (èyí tó ń gbé iná wọ mọ́tò) ń fara kàn nínú X04, mọ́tò ẹ́ńjìnnì Tri-ang. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo tó fún ibi tí ọ̀pá ti ń yí. Ẹ má yọ òòfà rẹ̀ ṣeré: bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ láìfi irin so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, agbára rẹ̀ á lọ, mọ́tò á sì máa fa iná púpọ̀, á máa gbóná.

Ẹ́ńjìnnì tó ní Magnadhesion á dédé máa yọ̀. Òòfà ló fi ń dì mọ́ irin àtijọ́, òòfà kì í sì í mú nickel silver tí wọ́n fi ṣe irin Peco. Ẹ fi òjé díẹ̀ kún inú rẹ̀.

Lórí DCC (ètò díjítà tí wọ́n fi ń darí reluwé ìṣeré), má gbé e sí i láìní dikódà, ẹ̀rọ kékeré inú ẹ́ńjìnnì tó ń gba àṣẹ: á máa kùn, á sì jóná. Kẹ́ ẹ tó fi dikódà sí i, ẹ wo ẹsẹ̀ sípíríǹgì kábọ́ọ̀nù. Ọ̀kan nìkan ló ní ìbora, èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ bo òun náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dikódà á kú lójú ẹsẹ̀.