Bí mo ṣe parí ọ̀rọ̀ òórùn adìyẹ láàárín èmi àti àwọn lánlọ́ọ̀dù tuntun

Ìwé tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kọ sí mi kò ju ojú ewé kan lọ. Òórùn àti eṣinṣin ni wọ́n ní mo fi ń ni wọ́n lára, wọ́n sì fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n kó adìyẹ mi kúrò. Adìyẹ ẹlẹ́yin 800 ló wà nínú kéèjì mi nígbà náà. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ yẹn lójú ọ̀nà Ìlobùú, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ló yí mi ká. Àmọ́ láti ìgbà tí Òṣogbo ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991 ni ilé ti ń jẹ oko lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì mi.

Inú bí mi gan-an. Mo kó rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fún mi, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, kí ló tún kù? Lọ́yà gbọ́ mi tán, ó ní, “Mà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò lè gbà yín ní kóòtù.” Ó wá sọ ẹjọ́ kan fún mi tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879, nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì tí àwa náà jogún. Ọkùnrin kan tó ń ṣe súìtì ti ń gún nǹkan nínú odó fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Dókítà tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ wá kọ́ yàrá tó ti ń gba aláìsàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ariwo odó kò sì jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Dókítà tó dé kẹ́yìn ni ilé ẹjọ́ dá láre. Mo gbé ìwé mi padà sílé, mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kan ìlẹ̀kùn ilé tó sún mọ́ mi jù. Ọmọ tí mo lè bí ni ìyàwó ilé náà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò bú mi. Ó kàn mú mi wọ ilé ìdáná. Ó ti fi àwo dé ọbẹ̀, ó tún fi aṣọ bo àwo náà, eṣinṣin sì kún orí aṣọ bámúbámú. “Mà, inú nẹ́ẹ̀tì la ti ń fún ọmọ lóúnjẹ.” Ẹnu mi wọhò. Láti ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ ni màá ṣe, mi ò ní ṣẹjọ́.

Omi ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ìgbẹ́ adìyẹ tó bá gbẹ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá kàn án ni gáàsì amóníà tó ń ta ni nímú á máa jáde. Páìpù omi àwọn adìyẹ ń jò níbi mọ́kànlá, mo tún gbogbo wọn ṣe. Mo fa páànù òrùlé gùn síta kí òjò má baà máa fọ́n wọlé, mo sì la gọ́tà yí ilé adìyẹ ká.

Lẹ́yìn náà ni mo dojú kọ eṣinṣin, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ẹ̀bi ara mi. Bí ooru bá mú, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tó fún ẹyin eṣinṣin láti di ìdin, kó sì fò. Èmi sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń kó ìgbẹ́! Mò ń fọwọ́ ara mi sin eṣinṣin fún àdúgbò. Mo wá yí i sí ọrọọrún, bí ìgbà tí àwọn àgbà ń ka ọjọ́ ọjà, kí ìdin tó ráyè dàgbà. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o. Adìyẹ kan ń ya bíi gíráàmù 100 lóòjọ́, ìyẹn kìlógíráàmù 80 fún gbogbo wọn. Mo ní láti gba ọmọ iṣẹ́ kan kún èyí tí mo ní.

Mo da kọnkéré sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ibẹ̀ la ń sá ìgbẹ́ náà sí, pẹlẹbẹ, a sì ń fi réèkì yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí òjò ò bá jẹ́ kó gbẹ, a ó po eruku pákó mọ́ ọn. Tó bá gbẹ tán, ó di inú àpò, àwọn tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ á wá rà á. Nígbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, tààrà sọ́dọ̀ àwọn lánlọ́ọ̀dù, nítorí náà mo gbé ibi ìsá náà lọ sí ìhà kejì. A kì í kó ìgbẹ́ ní kùtùkùtù mọ́, torí afẹ́fẹ́ a máa dúró nígbà yẹn, òórùn ò ní rí ọ̀nà lọ. Ó di ìgbà tí oòrùn bá ti là dáadáa, tí ọ̀pọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo pe wòléwòlé láti ìjọba ìbílẹ̀, mo sì lọ bá alága àwọn lánlọ́ọ̀dù. “Álájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká lọ wò ó.” Wọ́n wọ ilé adìyẹ, wọ́n yí i po, wọ́n bu ìgbẹ́ gbígbẹ sọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. A kọ àdéhùn: mi ò ní sin ju 800 lọ, wọ́n á máa sọ fún mi ṣáájú bí ìnáwó bá wà ládùúgbò, kí n má baà kó ìgbẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tí nǹkan bá ń yọ lẹ́nu á kọ́kọ́ pè mí. Lánlọ́ọ̀dù kan kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Títí dòní, kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ó sì ń dùn mí.

Lóṣù tó kọjá, mo rí àwọn kan tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà mi. Mi ò dúró di ìgbà tí wọ́n bá da ìpìlẹ̀. Mo pe ẹni tó rà á, mo mú un yí ọgbà ká, mo sì fi ibi tí atẹ́gùn ń gbà hàn án. Ó pe bíríkìlà rẹ̀ lójú mi, wọ́n sì gbé ilé ìdáná àti fèrèsé yàrá àwọn ọmọ lọ sí apá kejì.